Ojú Ìwé Tí Ẹ Fi Kún Ìwé Tíṣà Íńdíà

Màmá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé lẹ́tà tí kò bá kọ́kọ́ kí èèyàn, ìwé ìpè kóòtù ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kí yín tẹ́rùn kí n tó sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé. Ẹ kú ooru yìí. Ẹ kú ọ̀wọ́n epo mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ò wọkọ̀ mọ́. Ilé wa ní Ìpọ̀nrí ò tíì wó. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ṣì ń fi rédíò jí gbogbo àdúgbò. Mo bá wọn kí yín, bí wọn ò tilẹ̀ rán mi. Bọ́ọ̀dù iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà níbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ "A ń tẹ̀wé, a sì ń tún un ṣe" sí. Oòrùn ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀, "a sì ń tún un ṣe" nìkan ló ṣì hàn ketekete.

Ó dáa, mo ti kí yín. Màmá, ẹ ti kó wa sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ Mísítà Ménónì ni, Tíṣà Íńdíà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé-ìwé girama kan ní Sùúrùlérè, tó ń gbé yàrá àti pálọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ kẹrin. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pe àgbàlagbà. Gẹ̀ẹ́sì la máa ń bá a sọ, Gẹ̀ẹ́sì ò sì mọ àgbà. Ó wá bá mi níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ṣí sí Yábàá. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, mò ń bọ̀ níbẹ̀.) Ó ti gbó. Agboòrùn rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò mú, òjò ò sì ṣú. Ó fi ìwé kẹrin náà lélẹ̀ níwájú mi, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Íńdíà. Wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀ jáde, ó sì fẹ́ kí n bá òun tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, àfi ojú ìwé kan ṣoṣo tó ní kí n yọ kúrò pátápátá. Mo ṣí ibẹ̀, mi ò kà á. Ó ní ojú ìwé tiyín ni.

Ọ̀la ló ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ náà. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Títí di àná, ojú ìwé yẹn ló kù, mi ò sì mọ ohun tí n ó ṣe sí i.

Ẹ rántí ìtàn ọkùnrin yìí, àbí? Ó sọ ọ́ fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Abúlé etí òkun kan ní gúúsù Íńdíà ni wọ́n ti bí i, níbi tí ata dúdú ti ń gun ara igi lọ sókè. Àwọn òyìnbó ló ṣì ń jọba lé wọn lórí nígbà náà, òyìnbó ló sì kọ ìwé ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Gbólóhùn kan péré ni ìwé náà sọ nípa ìlú wọn: pé àwọn olóyè etí òkun yẹn a máa ta ata, wọn kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ménónì nawọ́ sókè, ó béèrè pé kí lorúkọ àwọn olóyè náà. Tíṣà ò mọ̀ ọ́n, ó bá nà án lẹ́gba mẹ́fà. Ó ní ẹgba mẹ́fà yẹn ló sọ òun di òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin sì ní ká ní gbogbo ẹni tí wọ́n nà nílé-ìwé ló ń di òǹkọ̀wé ni, Muṣin nìkan ì bá ti kọ ìwé tó máa kún ilé ọba.

Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, ó di tíṣà ìtàn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ọlidé, wọ́n á lọ kí àna wọn. Òun á lọ jókòó sínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìgbàanì fín sára àwo bàbà. Á lọ bá àwọn ìyá arúgbó jókòó, á máa kọ orin tí wọ́n fi ń gún ìrẹsì sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ dá lórí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìkejì dá lórí alágbàfọ̀ kan tó ń fi ìròyìn ogun pamọ́ sínú aṣọ ọba. Ìkẹta, kò yé mi títí dòní. Wọn ò tà. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń kà wọ́n, tipátipá. Nígbà tí ìjọba wa ń wá tíṣà kiri lókè òkun, ó bá wọn wá sí Èkó, ó ní ọdún méjì péré lòun máa lò. Ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù dé, náírà ṣubú lulẹ̀, àwọn ará ìlú rẹ̀ palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ìyàwó rẹ̀ náà lọ. Òun dúró. Ẹ bi í pé kí ló tún ń wá. Ó ní nílé lọ́hùn-ún, gbogbo ẹni tóun bá pàdé ló máa ní bàbá ńlá tòun ló ja àwọn ogun àtijọ́ náà, ariwo wọn ò jẹ́ kóun gbọ́ ohun tóun ń rò; ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sẹ́ni tó bìkítà fún àwọn ọba òun, ọkàn òun sì balẹ̀ láti kọ̀wé nípa wọn.

Ó kó ìwé kẹrin yìí dé ọ̀dọ̀ yín nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé mọ́kànlélógún, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dà bí èèrà tó jábọ́ sínú tádàwà. Ìtàn ayaba arúgbó kan ni, tó ń ṣàkóso ìlú ata. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́ lọ bá àwọn àjèjì tó wá láti ojú òkun jà, ìyá ní kó má lọ, wọ́n bára wọn sọ òkò ọ̀rọ̀, ọmọ náà sì jáde ní àárọ̀ láìkí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Ogun pa á. Àwo bàbà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, pé kò dágbére fún ìyá rẹ̀. Tíṣà bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bóun ṣe kọ ọ́.

Ta ló rán an ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo lẹ tẹ ohunkóhun bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rí? Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó wá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ di ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ẹ mọ̀ pé oyún ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́jọ? Kò kà á, ó fọwọ́ sí i, ó lọ fi sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó padà wá, mo sá sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àṣé ó wá dúpẹ́ ni.

Orí ìkíni lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ti Tíṣà. Nínú ìwé tó fọwọ́ kọ, bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ti wọ ilé onílé, ọ̀rọ̀ ogun ni. Ẹ pè mí síbi ẹ̀rọ, inú ń bí yín bí ẹni pé ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n wọ̀.

"Wò ó, wo àwọn èèyàn yìí. Ó wọlé, kò kí baálé, kò kí ìyàwó ilé, ó kàn ní ogun dé. Ṣé ogun ló tọ́ ọ dàgbà ni?"

Ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn tọ́. Nígbà tẹ́ ẹ fi dé orí kẹta, kò sẹ́ni tó ń jókòó, tó ń dìde, tó ń gẹrun, tàbí tí òjò pa ní gbogbo ìlú ata tí wọn ò kí i fún un. Balógun kan sáré wá sọ fún ayaba pé iná ń jó ìlú. Ẹ ní kó kọ́kọ́ bi í nípa ilé, kó bi í nípa àwọn ọmọ, kó bi í nípa ẹsẹ̀ bàbá àgbà tó ń dùn ún. Kó tó parí ìkíni, ẹnu odi apá àríwá ti jóná tán. Mo tún un tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù rò pé orí mi ti dàrú ni, nítorí ẹ̀rín.

Kẹ́ ẹ tún wo ti agbaninímọ̀ràn ayaba, ẹni tí ètè rẹ̀ dùn, tí inú rẹ̀ ò mọ́. Nínú ìwé Tíṣà, ó gbé ayé títí di orí kẹrìnlá. Ẹ̀yin ò lè fara dà á. Ẹ jù ú sínú kànga ní orí kẹfà, ẹ tilẹ̀ fi ìdérí dé e. Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ gbàgbé pé ó ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ ní orí kẹjọ àti orí kẹwàá, ẹ sì tẹ ìwọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe wà. Òkú jókòó sínú ìgbìmọ̀, ó ń gba ayaba nímọ̀ràn, kò sẹ́ni tó ṣe háà. Tíṣà sọ fún mi pé ọ̀mọ̀wé kan ní Íńdíà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ohùn òkú nínú ìgbìmọ̀ yẹn ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ìwé náà.

Báwo ni kò ṣe mọ̀? Onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti ìlú rẹ̀ ló ń padà sílé lójijì, Tíṣà sì fẹ́ fi ìwé rán an kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Ó gba ìdì ìwé lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ lọ́sàn-án, kò ṣí i wò. Ó fọkàn tán yín. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ò fi ránṣẹ́ sí i kó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí lẹ́tà tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ sí Èkó ń gba ọ̀nà ọ̀run kọjá ni. Ó tó ọdún kan àbọ̀ kó tó rí ìwé ara rẹ̀ gbà, kó sì kà á nínú yàrá rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó ní òun fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìpọ̀nrí nítorí pé ìbínú ò jẹ́ kóun rántí pé ọkọ̀ wà.

Èmi ò sí nílé nígbà yẹn, òun ló sọ bó ṣe rí fún mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yín, ó na ìwé náà sí yín. Ẹ gbójú sókè.

"Tisha, you never greet."

Ó kí yín. Ẹ fún un ní àga, ó jókòó. Ẹ fún un ní omi, ó mu ún. Nígbà tó fi máa ṣe gbogbo ìyẹn tán, ìbínú náà ò rí àyè jókòó mọ́. Ó wá bi yín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun tó mú kí ọmọ ọba òun, tó ti jáde lọ láìkí ìyá rẹ̀, tún padà wá kí i.

"Tisha, that your prince no get home training. I just train am small."

Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun. Ó sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìwé yẹn ni àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀ tí àwọn èèyàn kà láìjẹ́ ìbátan ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ka ibi tí ọmọ náà ti padà, àwọn sì gbéra lọ sílé lọ kí ìyá àwọn. Ọ̀mọ̀wé mìíràn kọ̀wé bi í pé inú àkọsílẹ̀ wo ló ti rí gbogbo àṣà ìkíni ìgbàanì tó pọ̀ tó báyìí. Ó dá a lóhùn pé ẹnu ìyá àgbàlagbà kan lòun ti gbọ́ ọ. Irọ́ ha ni bí?

Ibi tó wá di wàhálà nìyí. Nílùú wọn, wọ́n ti gbé òkúta kan sí ẹnu ọ̀nà ààfin àtijọ́, níbi tí ọmọ ọba ti yíjú padà. Àwọn ọmọ tó ń lọ wáṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá ń lọ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n á sì wólẹ̀ fún ìyá wọn níbẹ̀, nítorí àwọn náà ń wólẹ̀ fún òbí bíi tiwa. Wọ́n ti wá fi í sínú ìwé ìtàn tuntun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Gbólóhùn kan péré. Pé ní ìlú yìí ni ọmọ ọba kan ti padà láti ẹnu ọ̀nà láti kí ìyá rẹ̀. Màmá, láti ìgbà tí wọ́n ti nà án lẹ́gba mẹ́fà ló ti ń wá bí òun ṣe máa pa gbólóhùn irọ́ kan rẹ́ nínú ìwé ìtàn àwọn ọmọ ìlú rẹ̀. Ó ti pa á rẹ́ báyìí, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, láti Ìpọ̀nrí.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà tó yá ni mo wo ojú rẹ̀. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti darúgbó, òun ò sì fẹ́ kú kí irọ́ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ máa mọ̀ nípa ìlú òun.

Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ rẹ̀ tọ́? Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kí lẹ máa sọ fún un? Mo ṣèlérí fún un pé n ó yọ ojú ìwé náà. Mo tètè ṣèlérí nítorí pé mi ò tíì kà á rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti kọ̀ǹpútà. Ọdún wo lẹ máa gbà pé mi ò fi ṣe yín níkà? Mo kàn wọlé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo ní mo ti ríṣẹ́ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Yábàá. Ẹ ní ẹ̀rọ tó jẹ́ pé bí iná ọba bá lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, irú ẹ̀rọ wo nìyẹn? Ẹ ní tiyín, bí ayé tilẹ̀ ṣókùnkùn, á máa ké kọ̀-kọ̀-kọ̀. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀fẹ̀ là ń ṣe. Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo ní ẹ̀rọ yín dára fún òkú, àbí kí lẹ tún ń fi tẹ̀ ju ìwé ètò ìsìnkú lọ? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ ò dá mi lóhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo di báàgì mi. Ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ń tẹ̀wé. Mo gba ẹ̀yìn yín kọjá. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò sọ pé ó dàbọ̀. Ẹ̀rọ náà ò dákẹ́. Mo ń gbọ́ ọ títí mo fi dé títì. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọwọ́ yín ò tilẹ̀ dúró ní ìṣẹ́jú kan fún mi.

Mo wọ gáùn aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí síìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi fà á sókè. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló dá mi dúró ní Yábàá pé, "Sìsí, ẹ̀yìn ẹ ṣí sílẹ̀ o," ó sì bá mi fà á. Mo sunkún lójú títì níbẹ̀ bí ọmọ kékeré. Síbẹ̀ mi ò padà sílé.

Nígbà tí ọdún yípo, mo wá. Ẹ sebẹ̀, mo jẹ, a sọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò, a rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn, èmi náà ò mẹ́nu bà á. Mo máa ń rò pé ààyè ṣì wà. Mo rò bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ tí wọ́n wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti gbé e dé. Kí n tó dé Ìpọ̀nrí, ẹ ti lọ. Ṣé ẹ dárí jì mí kẹ́ ẹ tó lọ, àbí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá fún ìwé Tíṣà láti ìgbà náà. Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lásìkò ìjà wa, mi ò fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n lánàá, mi ò lè yọ ojú ìwé tí mi ò kà. Mo kà á.

Ọmọ ọba ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ẹlẹ́ṣin ń dúró dè é. Ó yíjú padà. Ó gba àgbàlá kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí ìyá kọ ẹ̀yìn sí i. Ayaba dìde, ó wò ó. Ó ní, "Dìde. Aṣọ rẹ ò so dáadáa. Yí ẹ̀yìn sí mi." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì aṣọ tó wà lẹ́yìn ọmọ náà, ó tún un so, ó fà á le, ó sì gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ pé kó máa lọ.

Mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí Ìpọ̀nrí. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tẹ́ ẹ ń kó ẹ̀dà kábọ̀nù gbogbo iṣẹ́ yín sí. Ẹ kì í tẹ ojú ìwé kan láìkọ ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà rẹ̀. Mo wá ojú ìwé yẹn kàn. Ọjọ́ tí mo kúrò nílé ni.

Màmá, òun lẹ ń tẹ̀. Nígbà tí mo gba ẹ̀yìn yín kọjá, tí ẹ̀rọ ò dákẹ́, tí mo rò pé ẹ ò kà mí sí, ẹ ti ń dá mi padà láti ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín, mo fi bébà yẹn lé itan, mo sì sunkún débi tí àwọn olórédíò ẹ̀yìnkùlé fi dín ariwo rẹ̀ kù wá wò mí.

Mo tún rí nǹkan mìíràn lára ẹ̀dà náà. Lẹ́yìn tí ọmọ ọba dọ̀bálẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tó dìde, ẹ fi àyè ìlà kan sílẹ̀ lófo. Àwọn tó tẹ̀wé jáde ní Íńdíà ti pa àyè náà dé, wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n èmi àtẹ̀yin jọ ṣe iṣẹ́ yìí. Ìgbà wo la máa ń fi àyè sílẹ̀ lófo? Nígbà tí a ò bá mọ ohun tí oníwèé fẹ́ sọ, kí ó lè wá kọ ọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí gbogbo ayé yẹ kó sọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu òkú inú kànga, ẹ ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí ọmọ yẹn lẹ́nu. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Mo tún ojú ìwé tí Tíṣà ní kí n yọ wò dáadáa. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ń kọ, tádàwà ló fi ń kọ ọ́, títí kan ohun tó fẹ́ rà lọ́jà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Pẹ́ńsùlù ló fi fa ìlà kọjá ojú ìwé tiyín. Ẹni tó bá fi pẹ́ńsùlù fagi lé nǹkan, ṣé kì í ṣe pé ó ń wá ẹni tó máa bá òun pa á rẹ́?

Mi ò ní í ṣe é lẹ́yìn rẹ̀ bíi tiyín o, ẹ forí jì mí. Mo tẹ àkíyèsí kan sí òpin ìwé náà, n ó kà á fún un lọ́la, bó bá gbà kó fọwọ́ sí i. Àkíyèsí náà sọ pé àwo bàbà ní ọmọ ọba náà ò padà. Pé obìnrin kan tó tẹ ìwé yìí ní Ìpọ̀nrí, ní ìlú Èkó, ló dá a padà. Pé kí gbogbo ẹni tó ń lọ fọwọ́ kan òkúta yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣì máa lọ síbẹ̀ náà. Bó bá kọ̀ ńkọ́? N ó bẹ̀ ẹ́. Bó bá tún kọ̀, n ó yọ ojú ìwé náà, nítorí ìwé rẹ̀ ni, ìlú rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí n ó gbé lé e lọ́wọ́ lọ́la, gbogbo rẹ̀ á pé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán nírọ̀lẹ́ yìí. Mo tẹ ẹnu ọ̀nà, mo tẹ àwọn ẹlẹ́ṣin, mo tẹ àgbàlá, mo tẹ ọmọ náà tó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àyè tó ṣófo, ọwọ́ mi dúró. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ nítorí Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀:

"Màmá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ń lọ o."

Èmi ni, ọmọ yín, tó pẹ́ kó tó padà wá kí yín.